Àníkẹ́, Má Yọ Ṣéènì Ẹ̀yìn Sílásà

Ilé wa,
Ẹ̀jìgbò.

Mùníràtù Àníkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oòrùn, mo kí ọ kú eruku oko. Ara màmá rẹ le, tèmi náà le. Gbogbo ará ilé ní kí n kí ọ, títí kan ìyá àgbà tó ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ń fún ọ ní oúnjẹ tó yó ọ níbẹ̀.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó bọ́ sí orí katakata, bí mo bá sì ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ, ojúkojú ni mo máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, bí mo bá ń wò ọ́ lójú, n kò ní lè sọ ọ́ tán. Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé tuntun, tí mo jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, fojú fò ó. Ọwọ́ tó ti di sípánà mú fún ọgbọ̀n ọdún kì í fẹ́ di bírò mú.

Mo rántí ọjọ́ tí o wá sọ fún wa pé wọ́n ti gbà ọ́ sí iṣẹ́ ní oko ńlá tó wà lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. O ní katakata ni wọn yóò fún ọ láti máa wà, pé sílásà ni wọn yóò so mọ́ ìdí rẹ̀, kí o máa fi gé koríko abẹ́ ọsàn àti ti etí ọ̀nà oko. Màmá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó gbá ọ mọ́ra. Èmi fajú ro. Mo ní, "Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn."

O ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ kíláàṣì?"

Mo ní pé mo kọ́ ọ kò ní kí o fi ṣe iṣẹ́ jẹ.

O ní, "Kí lẹ wá kọ́ mi sí?"

Mo bọ́ síta, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí o fi kó ẹrù rẹ lọ lọ́jọ́ Àtìní. Àdúrà tó yẹ kí bàbá ṣe fún ọmọ rẹ̀ níbi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò ṣe é. Jẹ́ kí n ṣe é níhìn-ín kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: irin kò ní jẹ ọ́, iná kò ní rí ọ, iṣẹ́ tí o dáwọ́ lé yóò gbè ọ́. Bí o ṣe ń gbé ẹsẹ̀ gun katakata láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun yóò máa gbé ọ sọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.

Kì í ṣe torí pé o jẹ́ obìnrin ni mo fi fajú ro, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù náà ní ibi tó ti wá, n ó sì dé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, Bàbá Làmídì ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Àbíjáàn, níbi tó ti ń wa katakata ní oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Nígbà tó padà wálé, wọ́n gbà á sí oko kan nítòsí wa níhìn-ín, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi mí sí. N kò tíì rí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún irin bíi tirẹ̀. Láàárọ̀, kò ní tíì jẹun tí yóò fi yí katakata àti sílásà ká lẹ́ẹ̀mẹta: ó ń fi ojú wo bóòtì, ó ń fi ìka yẹ ọ́ìlì wò, ó ń fi etí gbọ́ bí abẹ ṣe ń dún nígbà tó bá fi ọwọ́ tì í. Bí ó bá rí i pé mò ń kánjú, yóò pariwo láti ibi tó wà: "Dúsúmà, Ràṣídì! Dúsúmà!" Èdè Faransé tó kó bọ̀ láti Àbíjáàn ni. Jẹ́jẹ́ ló túmọ̀ sí. Èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara ń ta, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkíní nínú ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni ọ̀rọ̀ bóòtì kékeré. Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n: bóòtì kan wà lára ọ̀pá tó ń gbé agbára láti ìdí katakata lọ sí sílásà. Wọ́n dìídì ṣe é ní ẹlẹgẹ́ ni. Bí abẹ bá kọ lu kùkùté, òun ni yóò kọ́kọ́ já, kí èyí tó tóbi jù ú lọ má baà fọ́. Ní ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́, bóòtì yìí já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà kẹta, Bàbá Làmídì kò sí nítòsí, ó ti lọ sí Òṣogbo. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo wá irin líle kan, mo gé e, mo kì í bọ ojú ihò bóòtì náà, mo ní kí n wo ohun tí yóò já a.

Kò já lóòótọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi gun kùkùté ìrókò kan tí koríko ti bò. Gíábọ́ọ̀sì sílásà là sí méjì, ọ́ìlì dà sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran iléyá. Mo jókòó sórí katakata, n kò lè sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Làmídì dé, mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa irin líle náà yọ, ó fi hàn mí. Ó ní, "Ràṣídì, bóòtì yẹn ní kí òun kú fún àwọn yòókù. Ìwọ ní kò gbọdọ̀ kú. Gbogbo wọ́n wá kú." Lẹ́yìn náà ó mú mi lọ síwájú fóòmàn, ó sì sọ̀rọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀: "Èmi ni ọ̀gá rẹ̀, sà. Èmi ni n kò kọ́ ọ dáadáa." Mo wo ojú àgbàlagbà náà, ìtìjú sì mú mi ju kí ó na ojú mi ní ìgbájú lọ.

Nítorí náà, Àníkẹ́, kó ojúlówó bóòtì yẹn márùn-ún tàbí mẹ́fà sínú àpò rẹ nígbà gbogbo. Bí ó bá já, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì sọ̀kalẹ̀ lọ wo ohun tó já a. Má fi irin mìíràn rọ́pò rẹ̀, kódà bí ọ̀gá oko bá dúró tì ọ́, tó ní oòrùn ti ń wọ̀.

Ìkejì, má gba sílásà tó wà lókè gbọ́. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti tú koríko tó lọ́ mọ́ ìdí abẹ. Mo ti fi agbára katakata gbé e sókè, mo ti pa ẹ́ńjìnì, mo rò pé ó parí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnì kan gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, tó wọ́ mi jáde bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. N kò tíì dìde tán tí Bàbá Làmídì fi na ọwọ́, tó ti irin tó ń gbé sílásà sókè sí ìsàlẹ̀. Gbì! Sílásà jókòó sórí ibi tí orí mi ti wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó bá ṣèèṣì fara kan irin yìí nígbà tí o wà lábẹ́ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, igi gẹdú méjì tó nípọn ni mo máa ń kó rìn. N ó fi wọ́n gbé sílásà ró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, n ó pa ẹ́ńjìnì, n ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, n ó fi í sínú àpò ṣòkòtò mi, nígbà náà ni n ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà, bí o bá fẹ́ pààrọ̀ abẹ, bí mo ṣe ṣe é ni kí o ṣe é. Méjéèjì ni kí o sì pààrọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì ti jẹ tán, sílásà yóò máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, yóò sì tú gbogbo bóòtì ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ aṣọ. Ìbòrí ọ̀pá tó ń yí láàárín katakata àti sílásà yẹn fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ dàńṣíkí kan tó ti gbó, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀pá náà láti wo nǹkan, ọ̀pá sì gbá etí dàńṣíkí mú. Kí n tó wí pé kí ni, aṣọ ti fà ya kúrò lára mi tán, èmi nìkan pẹ̀lú ṣòkòtò ló kù lórí ìdúró. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé gbígbó tí aṣọ náà ti gbó ló gbà mí là. Ká ní aṣọ tó lágbára ni mo wọ̀, n kì bá ti bí ọ. So ìborùn rẹ pinpin mọ́ orí, kí o ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù. Wọ ṣòkòtò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú ọ. Má gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọ̀pá tó ń yí láéláé, ì báà jẹ́ pé ibi tí o ń lọ kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ.

Àwọn kéékèèké mìíràn wà tí mo mọ̀ pé o mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ni mí, n ó sọ wọ́n. Gíríìsì lójoojúmọ́ sí gbogbo oríkèé ọ̀pá, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wù ọ́. Má gbé ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ rẹ lórí irin tó bo táyà, ì báà jẹ́ ọ̀gá ńlá. Bí o bá fẹ́ yí katakata padà ní òpin ìlà, dín ìwàǹwára kù, má gbé sílásà sókè gàgàrà nígbà tí abẹ ń yí. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, fi í sílẹ̀ fún àwọn aládàá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èyí tó kù ni n kò fẹ́ kọ.

O mọ àwọn ṣéènì tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀yìn sílásà bí aṣọ títa. Iṣẹ́ wọn ni láti dá òkúta tàbí irin tí abẹ bá ta dúró. Ní àsìkò òjò kan, Bàbá Làmídì ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo kù tí mò ń ṣe ọ̀gá ara mi. Koríko tútù ń lọ́ mọ́ ṣéènì wọ̀nyí, mo ń dúró, mo ń tú u, mo ń dúró, mo ń tú u. Ó sú mi. Mo yọ gbogbo ṣéènì náà, mo fi wọ́n kọ́ sórí igi ọgbà. Iṣẹ́ wá ń yá. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gé koríko láìsí ṣéènì, nǹkan kan kò ṣe, mo sì sọ nínú ara mi pé àgbàlagbà yẹn ló kàn ń bẹ̀rù jù.

Ọjọ́ karùn-ún, ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá fún mi, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn. O kò tíì máa rìn nígbà náà. Mo rí i lókèèrè bó ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà. Mo lè pa ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ mi wà nítòsí ibẹ̀. Mo ní, kí n parí ìlà kan yìí ná.

Mo gbọ́ kòó lábẹ́ sílásà. Mo wẹ̀yìn, mo sì rí ìyá rẹ tó ń lọ sílẹ̀. Òkúta ti bà á ní ojúgun ẹsẹ̀ òsì. Àníkẹ́, gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ẹ̀yìn ni ara ń gbé e lọ, ẹ̀yìn náà sì ni ìwọ wà. Ó fi agbára yí ara rẹ̀ padà nínú ìṣubú náà, ó fi àyà àti ojú lulẹ̀ kí ó má baà tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Eyín rẹ̀ iwájú tó kán díẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti kán. Mo fò sílẹ̀ lórí katakata, mo sáré, n kò tilẹ̀ rántí dá abẹ dúró. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ wo ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ ná."

Ìwọ ń ké, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tó bó lára rẹ.

Fóòmàn àti òṣìṣẹ́ méjì sáré dé. Fóòmàn ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ya ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ìyá rẹ gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Kòtò ni mo jìn sí, sà. N kò wolẹ̀ dáadáa." Ó mọ̀ pé bí ó bá sọ òótọ́, wọn yóò lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wò mí. Mo pa ẹnu mi dé.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ oko láti gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun ní ìlú Ara. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mò ń bọ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo dúró ṣe? Mo lọ mú ṣéènì lórí igi ọgbà, mo sì ń so wọ́n padà sí ẹ̀yìn sílásà kí fóòmàn má baà rí i. Ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀ tó ń jẹ ìrora, èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń so ṣéènì. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, èyí ló ń tì mí lójú jù.

Ìdí tí màmá rẹ fi ń tiro nìyẹn. Kì í ṣe kòtò.

Nígbà tí o tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, o bi í léèrè lójú mi pé, "Màmá, ṣé torí pé ẹ pọ̀n mí ni ẹ ò fi rí kòtò yẹn?" Ìyá rẹ ní, "Rárá o, Àníkẹ́. Ìwọ lo tilẹ̀ gbé mi ró." Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹun, n kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí i pé bí ó bá fẹ́ gbé omi, o ó ti gbà á. Bí ó bá fẹ́ lọ sọ́jà, o ó ti múra. Mo mọ̀ pé o rò pé o jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹsẹ̀. O kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Èmi ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Má yọ ṣéènì. Bí o bá rí ènìyàn, dúró. Má parí ìlà kankan ná. Bí o bá sì ṣe àṣìṣe, kí ẹnu rẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà fi ara rẹ̀ bò ọ́. Bàbá Làmídì gbà á sọ́rùn lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èmi kò gba èyí tó jẹ́ tèmi.

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí o kò mọ̀. Lọ́jọ́ Àtàláátà tó kọjá, mo wá sí oko yín.

Alùpùpù ni mo gùn dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àpò ńlá kan tó ṣófo sì wà lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o kó ẹrù rẹ sí. Mo ti pinnu pé n ó mú ọ bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Nígbà tí mo dé etí oko ọsàn, n kò gbọ́ ìró katakata kankan. Mo dúró sẹ́yìn igi igbá kan, mo wò. Katakata wà lójú kan, ìwọ kò sí lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ lo fi ń rìn láàárín koríko, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ, o ń fi gbá koríko níwájú rẹ. Bí o bá rí òkúta, o bẹ̀rẹ̀, o gbé e lọ sí etí ọ̀nà. Bí o bá kan kùkùté, o fa imọ̀ ọ̀pẹ kan yọ nínú ìdì tó wà lábíyá rẹ, o gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o lè rí i láti orí katakata. O rìn lọ, o rìn bọ̀. Èmi tí mo dúró sójú kan ni ẹsẹ̀ ń ro.

Ọkùnrin kan tó gbé sípánà lọ́wọ́ ń kọjá, ó kí mi. "Bàbá, ẹ kú ìdúró o. Ta lẹ ń wá?"

Mo ní, "Mi ò wá ẹnì kan. Katakata yẹn ni mò ń wò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Obìnrin ló ń wà á o, Bàbá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, à ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwa á ti máa lọ jẹun ọ̀sán."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Nísinsìnyí, kò sí sílásà tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin nínú oko yìí, àfi tirẹ̀. Ọ̀gá ti ní kí gbogbo wa máa fi ẹsẹ̀ rin oko kí á tó gé e." Ó wò mí dáadáa. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "Mo mọ ìyá rẹ̀."

Nígbà tó yá, o gun orí katakata. Ojú mi lọ sí ẹ̀yìn sílásà. Gbogbo ṣéènì ló pé. O jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ké wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí o tó fi agbára sí sílásà, o wá ń gbé ìró ẹ́ńjìnì sókè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń jí ọmọ tó sùn. Inú mi dùn sí ìyẹn nìkan tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ̀rọ̀ sókè fún ara mi. O gé ìlà àkọ́kọ́, o gé ìkejì. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìkẹta nígbà tí obìnrin kan tó ru igi ìdáná já láti inú oko pákí. Ó jìnnà sí ọ. Èmi, nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, n kì bá ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

O dúró. Ìlà kù bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, o kò parí rẹ̀. O yọ agbára kúrò lára sílásà, o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, o pa ẹ́ńjìnì, o fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Síbẹ̀ o kò sọ̀kalẹ̀. O jókòó, o yíjú sẹ́yìn, o ń wo abẹ títí ó fi dúró pátápátá. Ìgbà náà lo tó lọ bá obìnrin náà, o bá a tún ẹrù rẹ̀ ṣe lórí, o sì sìn ín gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀dọ̀ mi ló gbà kọjá. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹrù, ó ní, "Ọlọ́hun á dá ọmọ yẹn sí. Ó ní kí iṣẹ́ òun pẹ́ sàn ju kí n fara pa lọ."

Mo ká àpò náà, mo fi í sí abíyá, mo wá alùpùpù padà sílé.

Màmá rẹ ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí mo wọlé. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ ò mú un bọ̀?"

"N kò mú un bọ̀."

"Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ."

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́fà sí i kí ó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ ti ẹsẹ̀ mi fún un wàyí. Ó ti tó ẹni tó ń gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó gbójú sókè. "Ìgbà wo lẹ bẹ̀ mí?"

Mo ronú, ọmọ mi. Láti ogún ọdún ó lé, mo ti ra aṣọ fún un, mo ti bá a pọn omi, mo ti bá a gbé ẹrù lọ sọ́jà. Mo ti ṣe gbogbo nǹkan àfi kí n bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ dìde jọ̀ọ́, kí àwọn ará ilé má baà rò pé mo lé yín síta."

Ìwọ náà, mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́ fún ìdákẹ́jẹ́ mi, mo sì bẹ̀ ọ́ fún ojú tí mo fà ro nígbà tó yẹ kí n dì mọ́ ọ. Bí o bá wálé, tí o bá fẹ́ bínú sí mi ná, bínú. N kò ní bọ́ síta.

Màmá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, pé òun fẹ́ rí ọ lórí katakata. Ó ní òun yóò dúró jìnnà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bàbá kan ní mọ́ṣáláṣí bi mí léèrè iṣẹ́ tí ọmọ mi obìnrin ń ṣe. Mo sọ fún un, mo sì sọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó jókòó tì í kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún òun náà.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Ràṣídì.